Ajá Kírọ́ọ̀sì fún Igbó Ẹ̀pẹ́: Ẹ Wá Imú Kí Ẹ Tó Wá Eré

Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí lé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òyà ni iṣẹ́ ajá ọdẹ lágbègbè Ẹ̀pẹ́. Láti Agbówà dé Èjìnrìn, oko ẹ̀gẹ́, eèsún, igbó ọ̀pẹ àti irà ló pọ̀ jù. Òyà á já jáde níwájú ajá, á sá ìwọ̀n mítà 20 sí 30, á sì tún wọgbó. Ajá tó máa mú un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi imú mọ ibi tó wà, kó ní eré tó máa fi bá a kó tó wọgbó padà, kó sì dáhùn nígbà tí ọdẹ bá fọn fèrè. Ó ṣòro kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sára ẹ̀yà ajá kan ṣoṣo. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn ọdẹ máa da ẹ̀yà ajá pọ̀ di kírọ́ọ̀sì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mọ irú ajá bẹ́ẹ̀ sí lurcher. Ajá asáré tó ń fi ojú lé ẹran, bíi Greyhound, Whippet, Saluki tàbí Deerhound, ni wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ ajá tó mọ iṣẹ́ mìíràn. Ajá adaran ló wọ́pọ̀ jù, torí pé ó gbọ́n, ó sì ń gbọ́ràn. Àwọn tó fẹ́ àyà a máa lo terrier. Àwọn tó fẹ́ imú ló ń lọ sọ́dọ̀ ajá ìbọn, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí wọ́n tọ́ láti máa bá ọdẹ oníbọn wá ẹyẹ kí wọ́n sì gbé e wá fún un: Pointer, German Shorthaired Pointer, Labrador, Springer Spaniel. Tó bá jẹ́ asáré méjì ló bí ajá, longdog ni wọ́n ń pè é. Òfin Hunting Act ti ọdún 2004 ti fi òpin sí fífi ajá lé ehoro ńlá inú pápá ní England àti Wales. Ó ku ehoro kékeré àti eku, ìyẹn náà pẹ̀lú àṣẹ onílẹ̀.

Ọgbọ́n wọn wúlò fún wa. Ìwọ̀n wọn ni kò bá wa mu. Pápá gbalasa ni ajá tiwọn ti ń sáré, nítorí náà wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ asáré tó ìdajì, nígbà mìíràn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá gbé irú ajá bẹ́ẹ̀ wọ inú eèsún á rí i bó ṣe ń sáré kọjá ibi tí òyà lúgọ sí, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti fi ẹran sẹ́yìn.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa lò

Nínú àwọn asáré, Azawakh ló sún mọ́ wa jù. Ajá àwọn Tuareg ni, ní Mali, Niger àti Burkina Faso, Niger sì bá wa pààlà. Akọ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 64 sí 74 ní èjìká, abo 60 sí 70, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà ju kílò 25 lọ. Oòrùn kò jẹ́ tuntun sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń fura sí àlejò, kì í sì í yára gba ẹ̀kọ́. Greyhound ga jù ú lọ, akọ lè dé sẹ̀ǹtímítà 76, ó sì wúwo. Eré rẹ̀ kò láfiwé, àmọ́ tó bá ti sá ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tagbáratagbára nínú ooru wa, ó di ọjọ́ mìíràn. Whippet, tí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 51 lọ, ni gíga rẹ̀ ì bá bá igbó wa mu jù, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Gbogbo wọn ni awọ ara wọn fẹ́lẹ́, tí ọ̀rá ara wọn kò sì tó nǹkan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa tún padà wá nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní ti ajá ìbọn, ẹ má yan nítorí ẹwà. German Shorthaired Pointer ló dára jù fún iṣẹ́ yìí: irun rẹ̀ kúrú, imú rẹ̀ mú, ó ń wọ omi, kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ tó bá bí fún asáré máa ń le, eyín wọn sì lè le jù lára ẹran bí wọn kò bá tètè kọ́ wọn ní gbígbé e wá. Pointer ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní imú, ṣùgbọ́n dídúró gbagidi tó máa ń dúró tó bá gbóòórùn ẹran sábà máa ń dàrú nínú ọmọ kírọ́ọ̀sì. Òmíràn á dúró, òmíràn á kàn kù gììrì wọlé. Labrador ló rọrùn jù láti rí ní Èkó, ó sì ń gbọ́ràn, àmọ́ èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó wà níta ti sanra jù, egungun ìbàdí wọn sì lè ní àléébù tí wọ́n ń jogún. Ẹ̀yà náà tún ní àìsàn ìdílé kan, EIC, tó ń mú kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá dá lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn eré líle. Òbí méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gbé e kí ọmọ tó ṣàìsàn, nítorí náà kò ní hàn nínú ìdàpọ̀ àkọ́kọ́. Ìgbà tí ẹ bá tún fi Labrador mìíràn kún un ló lè jáde.

Springer Spaniel mọ igbó dáadáa. Kò sí èyí tó ń wọ inú ẹ̀gún tó o. Ṣùgbọ́n irun gígùn rẹ̀ á kó èèmọ́ àti eégbọn jọ débi pé ẹ máa fi ìrọ̀lẹ́ gbogbo tú u.

Ẹ̀jẹ̀ kẹta ni ajá ìbílẹ̀, èyí tí àwọn olówó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú tí wọ́n ń pè ní lókà. Àárín eégbọn ni wọ́n bí i sí. Ibà eégbọn tó ń sọ ìtọ̀ ajá òyìnbó di pupa, tó sì ń pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀, ajá ìbílẹ̀ sábà máa ń gbé e mọ́ra kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ó mọ ejò, ó mọ irà, oúnjẹ rẹ̀ kò sì gbówó lórí. Ẹni tó bá da asáré pọ̀ mọ́ ajá ìbọn tó wá dúró síbẹ̀ ti bí ajá tó yẹ fún pápá Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí ni ìlànà tó bá Ẹ̀pẹ́ mu. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mú akọ German Shorthaired Pointer, tàbí akọ Labrador tí kò sanra, fún abo Greyhound; tó bá jẹ́ Azawakh ni ẹ fẹ́ lò, ẹ mú akọ rẹ̀ fún abo ajá ìbọn, nítorí ìyá ni kó tóbi. Àwọn ọmọ á jẹ́ ìdajì-ìdajì, wọ́n á sì jọra díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yan abo tó dára jù nínú wọn, kí ẹ mú akọ ajá ìbílẹ̀ tó ti mú òyà dáadáa fún un. Ọmọ tó máa jáde á ní ìdajì ẹ̀jẹ̀ ìbílẹ̀, ìdámẹ́rin ti asáré, ìdámẹ́rin ti ajá ìbọn. Gíga tí ẹ ń wá ni sẹ̀ǹtímítà 50 sí 58, ìwúwo kílò 16 sí 22. Èyí tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ kò ní lè gba abẹ́ igi tó wọ́ lulẹ̀ kọjá, èyí tó bá kéré jù ni òyà ńlá máa gé ní etí.

Ẹ má da kírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ kírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, kí ẹ máa retí kí àwọn ọmọ jọ òbí wọn. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń túká: ọ̀kan á gba ara Greyhound, òmíràn á gba orí Labrador, ẹ̀kẹta á ní ẹsẹ̀ asáré pẹ̀lú imú tí kò gbóòórùn nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò gbọ́dọ̀ gun ara wọn rárá.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni ta ni kó jẹ́ ìyá. Ìyá ni kó tóbi. Bí akọ Greyhound oníkílò 32 bá gun abo ìbílẹ̀ oníkílò 12, tí oyún náà sì jẹ́ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta péré, orí ọmọ lè má gba ìbàdí ìyá kọjá. Iṣẹ́ abẹ ló máa yọ ọ́, tí ó bá tètè rí dókítà. Nítorí náà, akọ kékeré fún abo ńlá. Bí akọ kò bá ga tó, ẹ gbé e dúró lórí pákó tàbí pèpéle kékeré.

Kí akọ tó gun abo

Ẹ jẹ́ kí abo pé ọdún méjì, kí akọ ju ọdún kan àbọ̀ lọ. Abo tí ara rẹ̀ kò tíì gbó lè bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ á fa egungun rẹ̀ gbẹ. Dókítà ẹran gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò fún ohun méjì pàtó. Àkọ́kọ́ ni Brucella canis, kòkòrò tó ń ba oyún jẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 45 sí 55, tó sì ń wú kóró akọ. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkejì ni jẹjẹrẹ abẹ́ tí ajá ń kó ran ara wọn nígbà gígùn, ó sì wọ́pọ̀ gidigidi láàárín ajá ìgboro wa. Tí ẹ bá rí ẹran pupa tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lábẹ́ akọ tàbí abo, ẹ dúró. Abẹ́rẹ́ vincristine, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́wọ́ dókítà, sábà máa ń wò ó sàn, àmọ́ ajá tó bá wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn. Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù ni, wọ́n á gbé abo ọ̀hún lọ fún akọ tó ti ná wọn lówó gọbọi.

Àjẹsára àti oògùn aràn, ẹ parí wọn kí abo tó lóyún.

Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara abo ni ẹ kà sí ọjọ́ kìíní. Fún nǹkan bí ọjọ́ 9, akọ á máa tẹ̀lé e kiri, kò sì ní gbà fún un. Nígbà tí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà bá ti ṣí dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran, tí ẹ fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀ tó sì ju ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́, àkókò ti tó. Fún ọ̀pọ̀ ajá, láàárín ọjọ́ 10 sí 14 ni, ṣùgbọ́n òmíràn ń yára, òmíràn ń pẹ́. Ẹni tó bá ń gbé ajá wá láti ọ̀nà jíjìn, kó jẹ́ kí dókítà wọn progesterone, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé ẹyin ń jáde. Ó lówó nínú, ó sì sàn ju kéèyàn náwó ọkọ̀ lásán lọ. Ẹ mú wọn pàdé, ẹ fo ọjọ́ kan, ẹ tún mú wọn pàdé.

Ilé akọ ni kí ẹ gbé abo lọ, kí ó jẹ́ ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ra fún ìṣẹ́jú 5 sí 30, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ di orí méjèèjì mú jẹ́ẹ́. Ẹ lé àwọn ọmọdé tó fẹ́ da omi lé wọn lórí kúrò níbẹ̀; fífà wọ́n ya lè ya ara akọ tàbí abo nínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti abo mọ́lé títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi pé, kí ẹ̀jẹ̀ sì dá pátápátá. Abo lè gba oyún baba méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ajá àdúgbò tó bá fo ògiri ní ọjọ́ 15 lè bí ìdajì àwọn ọmọ náà fún yín, ẹ kò sì ní mọ̀ títí irun wọn á fi yàtọ̀.

Oyún àti ìbímọ

Ọjọ́ 63 ni oyún ajá láti ìgbà tí ẹyin bá jáde. Tí ẹ bá ka á láti ọjọ́ gígùn, ó lè jẹ́ 57 sí 72. Ẹ má fi oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Láti ibẹ̀, ẹ máa fi bí ìdámẹ́wàá kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Orí ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, ẹ̀dọ̀ díẹ̀, ẹyin sísè, ìrẹsì: ní Ẹ̀pẹ́ ẹja kò lè wọ́n ajá. Ẹ̀bà lásán kò tó fún aláboyún. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ àjẹkù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, kí ẹ yọ ọ́. Ẹ má fún un ní oògùn kálísíọ̀mù nígbà oyún. Ara rẹ̀ á gbàgbé bó ṣe ń fa ti inú egungun rẹ̀ jáde, gìrì á sì mú un nígbà tó bá ń fún àwọn ọmọ lọ́mú.

Àpótí ìbímọ: pákó, sẹ̀ǹtímítà 120 ní gígùn, 100 ní ìbú, ògiri 45. Ẹ gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè tó sẹ̀ǹtímítà 10 kí omi òjò má bàa dé ibẹ̀. Ẹ kan igi yí inú rẹ̀ ká, sẹ̀ǹtímítà 10 sókè láti ilẹ̀ àti 10 sí ògiri, kí ìyá má bàa fi ẹ̀yìn tẹ ọmọ pa mọ́ ògiri. Abo asáré tí egungun rẹ̀ hàn kò ní ọ̀rá tó fi ń sùn lórí pákó, aṣọ tó nípọn ló yẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ 58, ẹ máa fi tẹmómítà wọ̀n ìgbóná rẹ̀ ní ìdí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tó bá lọ sílẹ̀ ju 37.2 lọ, ìbímọ lè dé láàárín wákàtí 12 sí 24. Ọmọ sábà máa ń tẹ̀lé ara wọn ní ìṣẹ́jú 30 sí 60. Ẹ pe dókítà bí ìyá bá ń rọbí líle fún ìṣẹ́jú 30 tí ọmọ kò jáde, bí omi aláwọ̀ ewé bá jáde kí ọmọ kankan tó dé, tàbí bí wákàtí méjì bá kọjá láàárín ọmọ méjì nígbà tí ẹ mọ̀ pé ó ṣì kù nínú. Ẹ ka ibi ọmọ, kí iye rẹ̀ bá ti ọmọ mu. Bí ìyá kò bá gé okùn ìwọ́, ẹ fi òwú mímọ́ so ó ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sí ikùn, ẹ gé e, ẹ fi áyódíìnì kàn án.

Bí iṣẹ́ abẹ bá dé, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀jẹ̀ asáré wà nínú ajá yìí, kó tó yan oògùn oorun. Àwọn oògùn bíi thiopental máa ń pẹ́ lára wọn, torí ọ̀rá wọn kéré. Ajá tó yẹ kó jí láàárín wákàtí díẹ̀ lè sùn di ọjọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́

Ẹ ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kí ẹ wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwúwo ọjọ́ tí wọ́n bí i yẹ kó di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 8 sí 10. Ọmọ tí kò bá lé ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé e sí ọmú ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni omi ọmú máa ń pọ̀ sí. Tó bá di ọjọ́ kejì tí kò lé, dókítà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ibi tí wọ́n wà gbọ́dọ̀ móoru tó 29 sí 32. Ooru Ẹ̀pẹ́ sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa, àfi lóru òjò àti lásìkò ọyẹ́. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí igun kan kí ọmọ tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lè kúrò.

Ohun kan tó ń fìyà jẹ ọmọ ajá lọ́dọ̀ wa ni eṣinṣin kan tó ń yé sórí aṣọ tútù tàbí yanrìn tí ìtọ̀ ti rin, tí ìdin rẹ̀ á sì wọ awọ ọmọ ajá. Ẹ máa rí kókó pupa tó ní ihò kékeré láàárín. Ẹ fi fasilín dí ihò náà kí ìdin má rí atẹ́gùn, á yọrí síta lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ jáde láìjẹ́ kó já sínú. Ìdènà rẹ̀ ni kí ẹ máa sá aṣọ àpótí, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ó dà bí àṣejù, lílọ aṣọ fún ajá. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún oyún kan.

Ojú á là ní ọjọ́ 10 sí 14. Oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8, pyrantel ni, kí ẹ fún ìyá náà lákòókò kan náà. Oúnjẹ rírọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin. Àjẹsára àkọ́kọ́ fún pávò àti dìsítẹ́ḿpà, àrùn méjì tó ń pa ọmọ ajá, láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí wọ́n á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi ní oṣù kẹta. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí àwọn tó ń ta ajá ń gún, tí wọ́n á ní ó ti parí, kò tó fún pávò. Títí àjẹsára yóò fi pé, ẹ má gbé ọmọ ajá dé ọjà Olúwo tàbí ibi tí ajá ìgboro ń ṣu sí.

Ẹ ṣọ́ra fún ivermectin ti màlúù tí àwọn kan fi ń gún ajá nítorí eégbọn. Oògùn tó lágbára ni, àṣìwọ̀n díẹ̀ lára ọmọ ajá ti pọ̀ jù, àwọn lurcher tó ní ẹ̀jẹ̀ Collie nínú sì lè kú látàrí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ibà eégbọn náà, kí dókítà kọ́kọ́ wọn ajá lórí òṣùwọ̀n kó tó fún un, nítorí ìwọ̀n tó ń wò sàn àti èyí tó ń ba ọpọlọ jẹ́ kò jìnnà síra.

Yíyan ọmọ, kíkọ́ ọmọ

Ní ọ̀sẹ̀ 7 sí 8, ẹ fi awọ òyà wọ́ ilẹ̀ koríko tútù ní mítà 10 sí 15, kí ẹ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi awọ náà pamọ́ sí òpin. Ẹ gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má wo ẹni tó sáré. Ẹ wo èyí tó fi imú sílẹ̀, tó ṣìnà níbi ìyípo, tó padà sẹ́yìn láti tún un wá. Òun ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lu ìkòkò lẹ́yìn wọn: èyí tó fò tó sì tún padà wá wò ó dára ju èyí tó wọ abẹ́ àga tí kò jáde mọ́. Ẹ yẹ eyín wò kó pàdé, kí ẹsẹ̀ iwájú tọ́, kí àyà jìn. Àwọ̀ kò ṣiṣẹ́ nínú igbó.

Fèrè ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ẹ̀jẹ̀ asáré sì ni irú ajá bẹ́ẹ̀ gan-an, torí pé tí ojú rẹ̀ bá ti mú ẹran, etí rẹ̀ á di. Ẹ máa fọn ọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹ má fọn ọ́n láti fìyà jẹ ẹ́ láé. Ní oṣù kẹta, ẹ ká awọ òyà jọ, ẹ fi okùn dì í, ẹ jù ú sí ọ̀nà tóóró tí kò ti lè yà sí ibòmíràn kó gbé e wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Tó bá ń jẹ ẹ́, ẹ má já a gbà, ẹ fi ẹran kékeré pàrọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa kọ́ láti fi eyín há a mọ́lẹ̀.

Ewúrẹ́ àti adìẹ ni ẹjọ́ tó wọ́pọ̀ jù. Láti oṣù mẹ́ta, ẹ máa fi okùn mú un gba àárín wọn lójoojúmọ́ títí kò fi ní wò wọ́n mọ́. Kírọ́ọ̀sì tó bá pa ewúrẹ́ kan ti mọ̀ pé ó ṣeé pa.

Ẹ má jẹ́ kó sáré líle kó tó pé ọdún kan, egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ajá máa fo kòtò Erédò Sùngbọ́, ògiri rẹ̀ ga láwọn ibì kan ju ilé alájà lọ, ó sì dúró ṣánṣán. Èjìká tó bá yẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà padà bọ̀ sípò dáadáa. Oṣù 12 sí 15 ni kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pẹ̀lú àgbà ajá kan.

Nínú igbó

Àwọn kírọ́ọ̀sì wọ̀nyí sábà máa ń lé ẹran láìgbó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyìn ni. Nínú eèsún tó ga ju èèyàn lọ, ẹ kò ní mọ ibi tó wà, nítorí náà ẹ so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú okùn tó lè já bí igi bá kọ́ ọ. Ẹ mú pílásì tó ń gé wáyà lọ́wọ́: tàkúté wáyà àwọn ẹlòmíràn a máa pa ajá ọdẹ. Bí ejò bá bù ú ṣán, bóyá paramọ́lẹ̀ bóyá ọká, ẹ má fi abẹ gbẹ́ ojú rẹ̀, ẹ má so ó pinpin, ẹ gbé e, kó má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Awọ asáré máa ń ya bí wáyà tàbí ẹ̀gún bá kọ́ ọ, ó sì lè ya gbọọrọ láìṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú nínú ìdajì lítà omi tí wọ́n sè tó ti tutù, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí wọ́n rán an láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ má da epo bẹntiróòlù sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní afẹ̀mọ́júmọ́, ẹ dúró kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Tó bá ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ tí kò dúró, tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ pọ́n kanrin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ooru ti wọ inú. Ẹ da omi tútù sí i lára gbogbo, pàápàá ikùn àti abẹ́ apá, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ wá gbé e lọ. Ara tó bá kọjá 41 ń se ẹ̀yà inú ajá.

Bí ajá bá fi imú dé ibi akíka, ẹ pè é padà. Akíka wà lára àwọn ẹran tí òfin ọdún 1985 lórí ẹran tó ń tán lọ dáàbò bò ní Nàìjíríà, àti láti ọdún 2017 ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti wà nínú àkójọ tó le jù ti CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹran àti ewéko igbó. Láti kékeré ni kí ẹ ti máa kọ̀ fún un, bí ẹ ṣe kọ̀ fún ewúrẹ́.

Èyí tó bá sì ṣe dáadáa, ẹ má tíì mú akọ fún un tàbí mú un fún abo. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn méjì, kí ẹ rí bí eégbọn, ooru àti irà ṣe ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí ẹ kọ ìwúwo rẹ̀ sí nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn yòókù tí imú wọn kò dára, ẹ gbé wọn lọ kí dókítà yọ agbára ìbímọ wọn kí ẹ tó fi wọ́n tọrẹ fún ẹni tó fẹ́ ajá ilé, kí ẹ má sì tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ Azawakh.